Láti Àkìtàn Ẹ̀yìnkùlé dé Bọ́kẹ́ẹ̀tì Toronto: Ìtàn Ọgbà Ẹ̀fọ́ Ìdílé

  

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n kọ nǹkan nípa ìtàn, àwọn kan á ti máa retí ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ Ilé tàbí ogun Kírìjì. Àwọn tó mọ ìyẹn jù mí lọ wà láàárín wa. Ìtàn tí mo mú wá kéré, ẹ̀yìnkùlé ló wà: ìtàn ọgbà ẹ̀fọ́ tí ìdílé ń fi àwọn ohun tí a ti lò tán nínú ilé dá. Ìdí tí mo fi mú un kò pamọ́. Ní ọdún 2014, mo kó bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án tí ìyá mi fi gbin ẹ̀fọ́ dànù. Ọdún mẹ́fà gbáko ló gbà mí kí n tó mọ ohun tí mo dànù. Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ padà sílé.

Àwọn ìyá wa àti àkìtàn

Àwọn baba wa ní oko tó jìnnà, níbi tí iṣu, àgbàdo àti kòkó wà. Wọ́n tún ní oko etílé, tí ènìyàn lè lọ kí ó sì bọ̀ kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé gan-an ni àkìtàn wà, àwọn obìnrin ló sì mọ ìlò rẹ̀ jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da eérú ààrò sí, àti èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tẹ̀tẹ̀ àti gbúre á yọ níbẹ̀ láìsí ẹni tó gbìn wọ́n. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀: ilẹ̀ náà ti jẹun yó. Ìyàwó ilé tí àlejò bá dé bá lójijì kò ní láti sáré lọ sọ́jà. Á yà sẹ́yìnkùlé, á já ẹ̀fọ́, ọbẹ̀ á sì jinná.

Ohun tó bá fọ́ náà kò di aláìwúlò. Ìkòkò tó bá ti lu, wọ́n á bu ilẹ̀ àkìtàn sí i, wọ́n á gbin ata sínú rẹ̀, wọ́n á gbé e sí ibi tí ewúrẹ́ kò lè dé. Nígbà tí ọjà òyìnbó dé, agolo, garawa kẹrosíìnì àti abọ́ tánńganran tó ti jò dara pọ̀ mọ́ ìkòkò. Ohun èlò ni ó yí padà, ọgbọ́n náà kò yí padà.

Ìjọba náà gbìyànjú láti mú ọgbọ́n yìí lò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá ètò Operation Feed the Nation sílẹ̀. Owó epo rọ̀bì ń wọlé nígbà náà, àwọn ènìyàn ń fi oko sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, oúnjẹ tí Nàìjíríà ń rà láti òkè òkun sì ń pọ̀ sí i. Ìjọba ní kí ilé ìwé, bárékè sójà àti olúkúlùkù onílé gbin ohun tí wọ́n máa jẹ. Ọ̀dọ́mọdé tíṣà ni ìyá mi nígbà náà ní Ìbàdàn. Ó máa ń sọ fún wa bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe ń ru ọkọ́ wá sílé ìwé bí ẹni ń lọ sí ọdún. Ètò náà kò pẹ́ kó tó rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi kò fi ọkọ́ sílẹ̀.

Ó dára tí kò fi í sílẹ̀. Ní 1986, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP dé, náírà já wálẹ̀, owó oṣù tíṣà kò sì tó ná mọ́. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo rántí ẹ̀yìnkùlé ilé tí a yá ní Mọ́kọ́lá. Agolo mílíìkì ni ó fi ń gbin ata. Inú ọpọ́n ìwẹ̀ tó ti ya ni ṣọkọ̀ wà. Ewédú ní tirẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mò ń fi kóńgò tí wọ́n lu ihò sí ní ìdí bomi rin wọ́n. Iṣẹ́ ìyà ni mo kà á sí. Mo pinnu lọ́kàn mi pé bí mo bá kàwé, mi ò ní bomi rin ẹ̀fọ́ mọ́ láyé mi.

Ẹ̀fọ́ náà rin ìrìn àjò

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Kánádà yìí ni àwọn ohun ọ̀gbìn wa ti kọ́kọ́ rí òkun. Ata tí a ń rọ́, tòmátì tí a ń lọ̀, àti àgbàdo tí a fi ń ṣe ògì, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó ti gba orí òkun dé ibẹ̀ ní 1492. Ilá ní tirẹ̀ bá àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú rìn láti Áfíríkà lọ sí òdìkejì òkun. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ilá títí di òní, inú èdè Ìgbò ni ó ti jáde. Ẹni tó bá jẹ callaloo nílé ará Jàmáíkà, ìbátan tẹ̀tẹ̀ ni ó jẹ yẹn. Àwọn ẹrú ní àwọn erékùṣù náà ń dá oko kékeré lórí ilẹ̀ tí olówó wọn kò fẹ́, wọ́n ń jẹ níbẹ̀, wọ́n sì ń tà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ni ó tún gbé e wá sí Toronto: àwọn obìnrin Jàmáíkà àti Bàbádọ́ọ̀sì tí Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọlé láti ṣe iṣẹ́ ilé ní 1955, àti àwọn tó tẹ̀lé wọn lẹ́yìn tí òfin máàkì dé ní 1967, tí a kò fi àwọ̀ ara yan ènìyàn mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí àwa Yorùbá dé Toronto, tẹ̀tẹ̀ ti dé ṣáájú wa. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́.

Toronto náà ní ìtàn tirẹ̀

Ilẹ̀ tí a tẹ̀ yìí mọ oko kí ìlú tó dé. Àwọn Wendat, àti lẹ́yìn wọn àwọn Seneca tí wọ́n jẹ́ ara Haudenosaunee, gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé pọ̀. Ní nǹkan bí 1660 sí 1690, abúlé Seneca méjì wà níbi tí Toronto wà lónìí: Teiaiagon létí odò Humber, àti Ganatsekwyagon létí odò Rouge, tí kò jìnnà sí ilé mi ní Scarborough. Àgbàdo á dúró bí òpó, ẹ̀wà á gùn ún, elégédé á bo ilẹ̀ kí koríko má baà yọ. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀gúsí tó nà sábẹ́ àgbàdo ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ mọ̀ pé ọgbọ́n kan náà ni.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba àpapọ̀ Kánádà kọ́kọ́ fọwọ́ lé àwọn ará ìlú sẹ́yìn. Ní 1942, ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn gba àwọn tí kò mọ iṣẹ́ oko níyànjú pé kí wọ́n má ṣe dá ọgbà, pé wọ́n á kàn fi irúgbìn, ajílẹ̀ àti irinṣẹ́ ṣòfò ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́. Ní 1943, ìjọba yí ohùn padà, ó ní kí gbogbo ilé dá ọgbà ìṣẹ́gun. Nígbà tó fi di 1944, iye ọgbà bẹ́ẹ̀ ní Kánádà ti lé ní 200,000. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lójú wa ní 2020. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ìjọba Ontario ti àwọn ọgbà àjùmọ̀dá pa. Àwọn ènìyàn pariwo, nígbà tí oṣù kẹrin sì ń parí lọ, wọ́n ṣí wọn padà.

Lẹ́yìn ogun náà ni àwọn ará Ítálì àti Potogí rọ́ wọ ìlú yìí. Kò sí ẹ̀yìnkùlé tó kéré jù lójú wọn. Páìpù àtijọ́ ni òpó tòmátì, garawa òróró ni ìkòkò ewé. Wọ́n tilẹ̀ gbin igi ọ̀pọ̀tọ́ tí kò lè fara da òtútù. Bí ìgbà òtútù bá ń bọ̀, wọ́n á tẹ igi náà wálẹ̀, wọ́n á sin ín sínú ilẹ̀, wọ́n á fi pákó àti aṣọ àtijọ́ bò ó, wọ́n á wá wú u ní ìgbà ìrúwé. Àwọn ọmọ wọn tí wọ́n ti di dókítà àti lọ́yà ń sọ ìtàn igi yẹn títí di òní.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní 1981, ìlú Kitchener ní Ontario níbí gbìyànjú àpótí aláwọ̀ búlúù fún ìgò, agolo àti ìwé ìròyìn. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká. Ní òpin 2002, wọ́n ti ilẹ̀ ìdalẹ̀nù Keele Valley tí Toronto ń lò pa. Láti ìgbà náà títí di òpin 2010, ọkọ̀ ńláńlá ń gbé ìdọ̀tí ìlú yìí lọ sí Michigan ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tò fún físà Amẹ́ríkà, ìdọ̀tí Toronto ń kọjá ní ẹnu ibodè láìsí ìwé ìrìnnà! Ọdún 2002 yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ green bin ní Etobicoke, kí èèpo àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù lè di ajílẹ̀. Ohun tí àkìtàn ìyá wa ń ṣe láìsí òfin ni ìlú ńlá yìí wá fi owó gọbọi ṣe.

Èmi fúnra mi dé láti Ìlú Ọba, níbi tí mo ti ka ìwé gboyè kejì, ní oṣù keje 2009. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ń da iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, òkìtì ìdọ̀tí sì wà nínú àwọn pápá ìṣeré. Mo di imú mú, mo ní, “Ṣé Kánádà tí wọ́n ń ròyìn náà nìyí?” Mi ò ronú kan ohun tí ìyá mi ì bá fi òkìtì yẹn ṣe.

Ohun tí mo dànù

Ní 2012, a bí àkọ́bí wa, obìnrin. Màmá wá bá wa tọ́jú ọmọ fún oṣù mẹ́fà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa nǹkan jọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn aláṣarà búrẹ́dì fẹ́ dànù, ó gbà á. Páálí ẹyin, ó pa á mọ́. Àpò ike tí wọ́n ń ta mílíìkì sínú rẹ̀ ní Ontario níbí, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀rá tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ kòkó rèé.” Kí oṣù keje tó dé, ẹ̀yìnkùlé wa ti di Mọ́kọ́lá. Ṣọkọ̀, tẹ̀tẹ̀, ilá, àti ewédú tí ó ra irúgbìn rẹ̀ lọ́dọ̀ ará Íjíbítì kan, nítorí àwọn Lárúbáwá náà ń jẹ ẹ́, molokhia ni wọ́n ń pè é.

Ó tún padà wá ní 2014. Kí ó tó lọ, ó mú mi dé ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án. Ó ní, “Má fọwọ́ kan àwọn tó ń gbẹ yìí o. Irúgbìn wà nínú wọn. Ṣọkọ̀ tí kì í tètè ta òdòdó ni mo ṣà sílẹ̀.” Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Màmá.” Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ fẹ́ wá jẹun nílé wa. Mo wo bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti pupa àti igi ẹ̀fọ́ gbígbẹ, ojú sì tì mí. Mo kó gbogbo rẹ̀ sí etí títì. Nígbà tí Màmá béèrè lórí fóònù, mo ní yìnyín ló bà á jẹ́. Irọ́ ni mo pa fún ìyá mi.

Màmá papò dà ní 2017. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, àárò rẹ̀ mú mi ra irúgbìn ewédú. Mo gbìn ín, kò hù. Mo tún un gbìn ní 2019, ilẹ̀ dákẹ́. Ní oṣù karùn-ún 2020 tí gbogbo wa wà ní àtìmọ́lé nínú ilé, ó tún kọ̀. Mo pe àbúrò Màmá ní Ìbàdàn, mo ṣàlàyé. Ó ní, “Ṣé o dà á sómi gbígbóná kí o tó gbìn ín?” Mo ní rárá. Ó ní, “Ìyá rẹ kò sọ fún ẹ?” Mo ní wọn kò sọ fún mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ṣé o bi í?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò rí èsì fún un. Èèpo irúgbìn ewédú le, oorun ló ń sùn. A ó dì í sínú aṣọ, a ó rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, a ó sì yára yọ ọ́ kó tó jinná. Lọ́sẹ̀ yẹn mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi hù. Àwọn olùwádìí ti kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn ìyá wa sì mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ní oyè méjì, mi ò mọ̀ ọ́n, nítorí mo gbé ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n, mi ò béèrè. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà jẹ́ ìtàn nìkan, ẹ gba ìwọ̀nba tí mo ti kọ́. Ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì tí oúnjẹ ti wà nínú rẹ̀ rí. Èyí tí ọ̀dà tàbí kẹ́míkà ti wà nínú rẹ̀ kò dára. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lé pákó kí omi lè jáde. Bí ẹ bá fẹ́ fi pákó àtijọ́ kan àpótí, ẹ ṣọ́ra fún pákó ìta tí wọ́n ti fi oògùn sí ṣáájú 2004, nítorí májèlé arsenic wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ má bu ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé àtijọ́ tàbí etí títì. Òjé ọ̀dà àti ti epo mọ́tò lè wà níbẹ̀. Ewé gbígbẹ, èèpo èso, èèpo ẹyin àti gàárì kọfí tó ti jẹrà dáadáa, tí a pò mọ́ ilẹ̀ rírà, ti tó.

Ní oṣù kẹrin, ẹ gbin irúgbìn sínú páálí ẹyin lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Ẹ má yára. Ọjọ́ ìsinmi Victoria, ní apá ìparí oṣù karùn-ún, ni àwọn ará ibí fi ń mọ̀ pé ìrì dídì ti ń lọ. Kí ẹ tó gbé ọmọ ẹ̀fọ́ síta pátápátá, ẹ máa gbé e jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí afẹ́fẹ́ lè mọ̀ ọ́n lára. Ewédú àti ilá bẹ̀rù òtútù. Ẹ jẹ́ kí oṣù kẹfà dé. Oòrùn wákàtí mẹ́fà, omi lójoojúmọ́ nígbà ooru, nítorí bọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń tètè gbẹ. Ẹni tí kò ní ẹ̀yìnkùlé lè fi fàránda ṣe é, tàbí kí ó wá ọgbà àjùmọ̀dá. Láti 1985 ni FoodShare ti ń ran àwọn ará Toronto lọ́wọ́ lórí oúnjẹ, àwọn ènìyàn dúdú sì dá Afri-Can FoodBasket sílẹ̀ ní 1995. Oko Black Creek wà ní agbègbè Jane àti Finch. Ilẹ̀kùn kò tì.

Ìṣirò ìparí

Iṣẹ́ mi kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ láìṣe ìṣirò. Ní 2021, mo ṣí ìwé fún ọgbà náà. Mo ná dọ́là 61 lórí ilẹ̀ àti irúgbìn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kò gba kọ́bọ̀. Ẹ̀fọ́ tí a já, bí a bá fi iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà wa ṣírò rẹ̀, tó dọ́là 140. Èrè rèé, ṣùgbọ́n kò lè ra bàtà méjì.

Ohun kan wà tí mi ò mọ ibi tí màá kọ ọ́ sí nínú ìwé náà. Ọmọ mi obìnrin, títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, spinach ni ó ń pe gbogbo ẹ̀fọ́. Lónìí, òun ni ó ń kọ orúkọ sára bọ́kẹ́ẹ̀tì, tòun ti àmì ohùn: ṣọkọ̀, tẹ̀tẹ̀, gbúre, ewédú. Ó mọ ìyàtọ̀ wọn nínú ọbẹ̀. Ó mọ ìdí tí a fi ń ki ewédú bọ omi gbígbóná, ó sì mọ̀ pé ìyá ìyá... rárá, pé ìyá bàbá òun ló ni ọgbọ́n náà. Ṣùgbọ́n ṣọkọ̀ tí kì í tètè ta òdòdó, tí Màmá ṣà fún wa, ìyẹn ti lọ. Mi ò rí irú rẹ̀ mọ́.

Àwọn ará Ítálì ti kọ ìtàn igi ọ̀pọ̀tọ́ wọn. Tiwa dà? Nínú iṣẹ́ wa, ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ ni. Mo bẹ ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ yìí: ní ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀, ẹ dá bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ọmọ mú ìwé àjákọ lọ́wọ́, kí ó jókòó ti màmá tàbí bàbá àgbà, kí ó béèrè ohun tí wọ́n ń gbìn, bí wọ́n ṣe ń gbìn ín, àti orúkọ rẹ̀ ní ìlú wọn. Àwọn ìyá wa tó jókòó sí iwájú yìí ṣì wà láàyè. Ẹ bi wọ́n lónìí kí ẹ tó lọ jẹun.